Àfihàn alẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde: páálí ìwọ́de, pósítà Ògúǹdé àti àpàlà lójú kan náà

Ọmọ_Ọbańta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. A fẹ́ ṣí gbọ̀ngán mùsíọ́mù kékeré kan sílẹ̀ fún aráàlú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹrin, láti agogo 6 ìrọ̀lẹ́ títí di agogo 11. Oṣù kẹrin la mú nítorí pé inú rẹ̀ ni Hubert Ògúǹdé, àgbà òṣèré orí ìtàgé ọmọ Òsósà, kú, ní 1990. Iṣẹ́ ọnà ìfẹ̀hónúhàn la fẹ́ pàtẹ: pósítà eré Ògúǹdé mẹ́fà (méjì ti ń ya létí), ojú ìwé ìròyìn àárín ọdún 1960 sí 1966 mẹ́jọ, páálí ìwọ́de 14 tí wọ́n fi máákà kọ tí igi ṣì wà lára wọn, fọ́tò ìwọ́de Ṣágámù ti oṣù kejì 2020 mẹ́wàá, àti àwòrán ọ̀dà òróró méje tí àwọn ọ̀dọ́ yà. Ẹgbẹ́ àpàlà ẹlẹ́ni-mẹ́jọ àti akéwì méjì ni yóò dá wa lára yá.

Gbọ̀ngán náà jẹ́ mítà 14 sí 9. Ògiri alámọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ni. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ lúfà. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ti ẹ̀yìn sì máa ń wà ní títì. A ní jẹnẹrétọ̀ 5 kVA, a ní ìnfátà pẹ̀lú bátìrì 12V 200Ah kan. Àgbàlá tó wà níwájú fẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè wa: ṣé inú ilé ni kí olórin wà ni àbí ìta? Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Kí ni a ó bá ọlọ́pàá sọ? Kí ẹ sì bá wa wò ó bóyá ó tọ̀nà pé a kọ ọ́ sára àkọlé pé 1949 ni Ògúǹdé ṣe *Bread and Bullet*. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Onílù_Ìgbó

Ẹ kú ìmúra. Ẹ má gbé ẹgbẹ́ àpàlà wọ inú gbọ̀ngán yẹn rárá. Ògiri líle ló yí i ká, ohùn á máa ta láti ibì kan dé ibì kejì, ọ̀rọ̀ olórin á dàrú mọ́ ìlù, àwọn èèyàn á sì máa pariwo mọ́ra wọn kí wọ́n tó gbọ́ra. Ti lúfà tún wà níbẹ̀. Béèsì á máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ohun tó ń gbọ̀n lúfà yẹn náà ló ń gbọ̀n férémù lára ògiri. Férémù tó so kọ́ lórí ìṣó kan ṣoṣo á bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i títí yóò fi já.

Àgbàlá ni kí wọ́n wà. Kí ìtàgé jìnnà sí ògiri tó mítà 15 ó kéré tán, kí sípíkà kọ ẹ̀yìn sí mùsíọ́mù. Ní gbangba, bí ẹ bá ti sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, dB (ìwọ̀n ariwo) 6 ni ohùn fi ń relẹ̀: 100 ní mítà 1 á di 94 ní mítà 2, 88 ní mítà 4, 82 ní mítà 8, 76 ní mítà 16. Béèsì nìkan ni kì í gbọ́ràn, ẹ̀yìn sípíkà ló ń gbà jáde bíi ti iwájú. Ẹ gé ohùn tó bá wálẹ̀ ju 80 Hz lọ kúrò lórí míṣà. Àpàlà ò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgídìgbo ló nílò máìkì jù nínú gbogbo wọn, nítorí ohùn rẹ̀ kéré. Ẹ gbé máìkì kọjú sí ihò rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Bí ẹ bá gbé e sí iwájú àwọn irin tí ọwọ́ ń tẹ̀, èékánná lẹ ó máa gbọ́. Gángan àti agogo ò nílò máìkì ní àgbàlá yẹn. Ohùn olórin, àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ó parí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìrì. Láti bí agogo 9 alẹ́ ni awọ gángan á ti máa rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀, onílù á máa fún ọsán mọ́ra títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi já. Ẹ fi kánópì bò wọ́n lórí, kí ẹ tọ́jú gángan kejì sínú ilé níbi tó gbẹ, kí wọ́n máa fi pààrọ̀ ní wákàtí wákàtí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá a lábàá pé kí ẹ lo gbẹ̀du kí ó lè fakíki, ẹ má gbà. Ìlù ọba ni.

Àwọn akéwì ni kí ẹ mú wọlé, láìsí máìkì. Mọ́ṣáláṣí kì í jìnnà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní bí agogo 8 wọ́n á ti máa kírun Ìṣáà. Ẹ pa sípíkà ìta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà yẹn, kí àwọn akéwì gba inú ilé. Àdúgbò ò ní bá yín jà, orin náà á sì ní àyè ìsinmi.

Nígbà tí ẹ bá ń dán ohùn wò, ẹ gbé abọ́ omi kan sórí pẹpẹ inú gbọ̀ngán. Bí ojú omi bá ń mì, ẹ dín ohùn kù.

Alámòójútó_Bébà

Ẹ̀gbọ́n Onílù ti sọ ti ohùn tán. Bébà ló kù tí kò lẹ́nu sọ tirẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ojú ìwé ìròyìn ló ṣẹlẹgẹ́ jù, kì í ṣe àwòrán ọ̀dà. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á, á máa pọ́n, á máa rún bí ewé gbígbẹ. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà jẹ́, kò sí oògùn rẹ̀. 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan) ni òpin fún bébà, fọ́tò aláwọ̀ àti máákà. Ọ̀dà òróró lè gba 150 sí 200. Wákàtí 5 ní 50 lux jẹ́ 250. Bí ẹ bá tan iná tó jẹ́ 200 lux sórí bébà kan náà, ó di 1000, alẹ́ kan ti jẹ tirẹ̀ àti ti alẹ́ mẹ́ta mìíràn. Áàpù tó ń wọn lux wà fún fóònù. Kò péye tán, ṣùgbọ́n á fi hàn yín ibi tó ti ré kọjá.

Ẹ lo gílóòbù LED onímọ́lẹ̀ ìyeyè rẹ́súrẹ́sú, 2700 sí 3000 K (ìwọ̀n àwọ̀ iná), kí ó wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe tàn gbọnrangandan sójú bébà. Ẹni tó bá ti ibi iná kíkan wọlé kò ní rí nǹkan kan ní 50 lux, á sì ní ẹ ò tan iná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ dá wọn dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ rí, ojú wọn á ti mọ́ra. Lẹ́tà àkọlé kò gbọ́dọ̀ kéré sí 24, dúdú lórí bébà aláwọ̀ wàrà.

Nínú ojú ìwé ìròyìn mẹ́jọ yẹn, méjì péré ni kí ẹ gbé síta gan-an. Ẹ ya fọ́tò mẹ́fà tó kù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ «ẹ̀dà» sára àkọlé kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹ tan òun jẹ. Pósítà tó ń ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án láéláé. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú bébà lọ, á di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí tí kò ní ásíìdì, kí ẹ fi bébà tí a ṣẹ́ ní igun mẹ́rin mú etí rẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nínú àpótí onídígí. Bébà tó ń ya kì í gbé ara rẹ̀ dúró lórí ògiri.

Ó kan páálí ìwọ́de wàyí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe «tún wọn ṣe». Ẹ wo ojú wọn dáadáa: ibi tí òjò ti mú kí máákà ṣàn wálẹ̀, ìlà tó gba àárín rẹ̀ kọjá níbi tí ẹnì kan ti ṣẹ́ ẹ po kí ó lè rí i gbé pamọ́, àmì àtàǹpàkò tó dọ̀tí ní ìsàlẹ̀ igi níbi tí ọwọ́ ti dì í mú fún wákàtí púpọ̀. Iṣẹ́ ọnà náà gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, tí ẹ nù ún, tí ẹ gé igi rẹ̀ kúrò, páálí lásán lẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì fi náílọ́ọ̀nù gbígbóná bò ó, ìyẹn kì í ṣeé bó mọ́.

Igi wọn ni kí ẹ yẹ̀ wò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn bébà yòókù. Ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ lórí bébà funfun. Bí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ fún atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ tì í bọ dìípù fírísà ní ìwọ̀n -20 fún ọjọ́ 14. Bí iná bá lọ tí fírísà yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi í sílẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù náà fún wákàtí 24, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á di omi sára páálí.

Ògiri alámọ̀ kì í di ìṣó mú. Lónìí ó dúró, lọ́la ó ń da erùpẹ̀. Ẹ kọ́ férémù sórí wáyà tó ti orí igi àjà wá, wáyà méjì fún férémù kan, kí ojú férémù náà jẹ́ pílásítíìkì líle dípò dígí.

Iye èèyàn ńkọ́? Mítà 14 sí 9 jẹ́ 126. Ẹ yọ mítà kan kúrò ní ẹ̀bá ògiri yíká, níbi tí okùn ìdènà yóò wà: ó ku 84. Ẹ yọ àpótí onídígí àti ọ̀nà ilẹ̀kùn kúrò: kò ju 60 lọ. Èèyàn 60 lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn á máa gbo ògiri, ooru ara àti òógùn á gbé ọ̀rinrin inú ilé sókè, bébà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí ó sì máa ṣí síta. Pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò tó, torí ẹni náà lè wà nídìí àpàlà.

Kò sí oúnjẹ, kò sí ohun mímu, kò sí iná fóònù nínú ilé. Kí àwọn tó ń ta ìkókoré àti àsun dúró ní apá ibi tí atẹ́gùn á ti gbé èéfín lọ síta. Èéfín àsun ní ọ̀rá nínú, ọ̀rá yẹn sì máa ń jókòó sórí bébà.

Oníná_Sábó

Ẹ ti rí i pé iná inú ilé kò pọ̀. Gílóòbù 24, wátì 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 120. Fún wákàtí 6, ó jẹ́ 720 (wátì ní ìlọ́po wákàtí). Ìnfátà náà á jẹ tirẹ̀, ẹ kà á sí 850. Bátìrì 12V 200Ah ní 2,400 nínú, ìdajì rẹ̀, 1,200, ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Nítorí náà, gbogbo gílóòbù inú gbọ̀ngán àti iná ẹnu ọ̀nà méjèèjì, orí ìnfátà ni kí wọ́n wà láti agogo 6 títí ẹ ó fi tì ilẹ̀kùn. Ẹ má dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Èèyàn 60 nínú òkùnkùn pẹ̀lú okùn ìdènà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA á fún yín ní bíi wátì 4,000, ẹ má kọjá 3,000. Sípíkà méjì, bíi 600; míṣà àti máìkì, 100; fáànù mẹ́fà, 450; iná ìtàgé àti àgbàlá, 350. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500. Ẹni tó máa tú u fó ni ẹni tó bá wá ki kẹ́tùlù oníwátì 2,000 bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àgbàlá kó lè po tíì. Ẹ lẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣófo pa.

Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé tó mítà 10, kí ọ̀pá èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín yẹn kò lóòórùn, lúfà kì í sì í dé pinpin. Ẹ kún táńkì rẹ̀ kí agogo 5 tó lù. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ bu epo sí i, ẹ pa á, kí ó tutù ná.

Wáyà 2.5 mm² ni kí ẹ lò. Ẹsiténṣọ̀n tó wà lórí róòlù, ẹ tú u tán pátápátá, nítorí èyí tó bá wà ní wíwé máa ń gbóná títí ike ara rẹ̀ yóò fi yọ́. Bí sípíkà bá ń kùn hùùù, ẹ mú míṣà àti sípíkà wá sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà; ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló ń parí sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀) lára púlọ́ọ̀gì kúrò kí ó lè dákẹ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Olórin tó di máìkì irin mú ni iná á gbé.

Ọmọ_Ọbańta

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ 60 yẹn ló dẹ́rù bà wá, torí bí 300 là ń retí. Ti ọlọ́pàá àti ti àkọlé ṣì wà nílẹ̀ o.

Ọmọ_Rẹ́mọ

Iye yẹn kò le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, 50 lẹ́ẹ̀kan, kí àyè lè wà fún àwọn olùṣọ́ àti akéwì. Ìṣẹ́jú 25 nínú ilé, ìṣẹ́jú 5 fún pípààrọ̀. Láti agogo 6:30 sí 10:30, ọ̀wọ́ mẹ́jọ nìyẹn, 400 èèyàn. Ẹ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì aláwọ̀ tirẹ̀, kí ẹni tó wà lórí ìtàgé máa pe àwọ̀ náà láàárín orin kan sí èkejì. Àpàlà ló máa mú kí dídúró má sú wọn. Kí orin dá ní agogo 10:30 pẹ̀lú, nítorí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kì í pọ̀ lójú títì lẹ́yìn ìyẹn.

Ọlọ́pàá: Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ ní 2007 pé aráàlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí wọ́n tó péjọ. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ìsọ̀rí 83, sì sọ pé bí ẹ bá fi tó wọn létí, ojúṣe wọn ni láti pèsè ààbò. Nítorí náà, lẹ́tà ìfitónilétí ni kí ẹ kọ sí DPO (ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín), ẹ má kọ «a tọrọ àṣẹ». Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye èèyàn, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó máa wà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín. Ẹ so ojú ìwé kan mọ́ ọn tó ṣàlàyé ohun tí ẹ ń pàtẹ. Ẹni tó bá ti ka ọ̀rọ̀ inú páálí yẹn lórí bébà kò ní ta gìrì nígbà tó bá rí i lára ògiri.

Kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè rárá, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ààfin àti ọ̀dọ̀ àwọn Òṣùgbó, kí ẹ béèrè bóyá Orò yóò jáde lọ́jọ́ náà. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Orò, kò sí obìnrin kan tó máa lè jáde, àfihàn yín á ti pàdánù ìdajì ìlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni kí ẹ lọ.

Àkọlé: kò tọ̀nà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, Enugu. Ọdún 1950 ni Ògúǹdé fi ìyẹn ṣe *Bread and Bullet*. *Strike and Hunger* ló dá lé ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945. *Yorùbá Ronú* jẹ́ ti 1964, òun ló mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, títí àwọn ológun fi mú òfin náà kúrò ní 1966. Ẹ to pósítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìtẹ̀lé ọdún, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ń bá ta jà, nítorí kí ni, kí ló ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀dọ́ tó bá rí «ó jà fún òtítọ́» lásán kò tíì mọ nǹkan kan. Àwọn ojú ìwé ìròyìn yẹn ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà 1964, kí èèyàn lè ka ìròyìn, kí ó yíjú, kí ó rí ohun tí Ògúǹdé fi dá a lóhùn.

Bí ẹgbẹ́ àpàlà bá fẹ́ kọ orin inú àwọn eré náà, ẹ gba ìyọ̀ǹda ẹbí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 dá ààbò bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é, ìyẹn títí dé òpin 2060.

Fọ́tò Ṣágámù ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀rọ̀ ikú agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ni, ẹbí rẹ̀ wà, ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọn fọ́tò náà ṣáájú gbogbo ayé, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ yọ ọ̀kan, ẹ yọ ọ́. Ojú ẹni tó bá hàn gbangba tí ẹ kò rí i béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mú fọ́tò mìíràn níbi tó ti kọ̀yìn síni.

Ọmọ_Ọbańta

A ti ń yí àkọlé padà báyìí. Ó ku kan: bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Onílù_Ìgbó

Òjò oṣù kẹrin ní ìjì nínú. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tí iyanrìn kún inú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kánópì kọ̀ọ̀kan. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ pa sípíkà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ má gbé olórin wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ. Àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ẹnu nìkan ló lè wọlé.

Oníná_Sábó

Bí òjò bá sì rọ̀ lọ́sàn-án tó dá ní ìrọ̀lẹ́, èsúnsún á jáde, iná ni wọ́n á sì máa wá. Ẹ tan gílóòbù funfun kíkan kan sí ìpẹ̀kun àgbàlá, bíi mítà 20 sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ gbé ọpọ́n omi sábẹ́ rẹ̀. Iná ẹnu ọ̀nà kí ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, kí ẹ sì pa lúfà dé ní apá ibẹ̀. Ọ̀dà òróró tó bá nípọn lè lo oṣù púpọ̀ kó tó gbẹ tán. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan etí àwòrán méje yẹn níbi tí kò hàn. Èyí tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹ́ èsúnsún á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kò sì ní rí i yọ láì hó ọ̀dà. Ẹ kọ́ irú wọn sí ìsàlẹ̀ gbọ̀ngán, kí wọ́n jìnnà sí ilẹ̀kùn méjèèjì.